Ìtọ́sọ́nà fún Òmùgọ̀ Tó Fẹ́ Fi Ìmúnítì Gómìnà Ṣagbára láti Ìkirè dé Apòmù

Èèyàn 74 péré ni abala 308 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bò pé kí ẹnikẹ́ni má gbé wọn lọ sí kóòtù, ààbò tí wọ́n ń pè ní ìmúnítì: Ààrẹ, igbákejì rẹ̀, gómìnà 36 àti igbákejì gómìnà 36. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ń gbé ní Ìkirè, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Apòmù náà ò ní ẹyọ kan. Ẹni tó bá gbọ́n, tó ti ṣe ìṣirò yìí, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò kan òun, á sì gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò kọ ìwé yìí fún un. Ìwọ tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ ń wa mọ́tò fún olùrànlọ́wọ́ kọmíṣọ́nnà kan ní Òṣogbo, ìwọ tí o bá gómìnà ya fọ́tò níbi ìnáwó kan ní Gbọ̀ngán, tí o sì ti fi fíréèmù gbé e kọ́ sí pálọ̀ níbi tí ojú àlejò máa kọ́kọ́ bà, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Fa àga wá.

Má ka òfin náà tán

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn ún gbọ́. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe ẹjọ́ tuntun mọ́ ẹni tó wà nínú àwọn ipò wọ̀nyí, wọn ò sì gbọdọ̀ máa bá èyí tó ti wà nílẹ̀ lọ, ìbáà ṣe ẹjọ́ owó, ìbáà ṣe ti ìwà ọ̀daràn. Wọn ò gbọdọ̀ mú un, wọn ò gbọdọ̀ tì í mọ́lé. Kóòtù ò gbọdọ̀ fi ìwé ránṣẹ́ sí i pé dandan ni kó yọjú. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni kó o ti pa ìwé dé, kó o lọ mu ẹmu.

Torí bí ojú rẹ bá ṣèèṣì bọ́ sí ìlà tó tẹ̀ lé e, adùn á bà jẹ́. Wàá rí i pé ìwọ̀nba àsìkò tí olúwarẹ̀ bá fi wà nípò ni ààbò náà fi wà. Wàá rí i pé gbogbo ọdún tó bá lò níbẹ̀, òfin ò kà á mọ́ ọjọ́ ẹni tó ń dúró láti pè é lẹ́jọ́. Bó lo ọdún mẹ́jọ, ẹjọ́ náà ò tíì pẹ́ jù ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó bá gbé kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì sílẹ̀. Wàá tún rí i pé ààbò yìí ò dé orí iṣẹ́ ìjọba: bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá wa kátápílà wọ oko kòkó yín lẹ́yìn Ìkirè láìsan kọ́bọ̀, ẹ lè pe gómìnà lẹ́jọ́ lọ́la ní orúkọ ipò rẹ̀, kóòtù á sì gbọ́ ọ.

Ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́ kò burú. Bí gbogbo ẹni tí gómìnà bá ṣẹ̀ bá lè fi sámánṣì gbé e, tí ọjọ́ Ajé bá a ní kóòtù Ìwó, tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun bá a ní ti Iléṣà, ta ni yóò jókòó fọwọ́ sí owó oṣù olùkọ́? Èmi fara mọ́ ìyẹn. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni ohun tí àwọn èèyàn ń fi í ṣe, ṣùgbọ́n ìwọ ò wá bi mí léèrè ohun tí mo fara mọ́. Òmùgọ̀ kì í béèrè ìdí òfin, nọ́ńbà rẹ̀ ló ń há sórí. Sọ ọ́ kí n gbọ́: abala ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́jọ. Ó pé.

Wá ẹni tí wàá fẹ̀yìn tì

Níwọ̀n bí o ò ti sí nínú àwọn 74, o ní láti wá ọ̀kan nínú wọn, tàbí ẹni tó mọ̀ ọ́n, tàbí ẹni tó mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, ra sáírìnì. Lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, láti Aṣéjírẹ títí dé ìta Ìkirè, ẹni tó ní sáírìnì ló ni ọ̀nà, kódà bó jẹ́ ewúrẹ́ méjì ló kó sẹ́yìn mọ́tò. Bí ọlọ́pàá bá dá ọ dúró, má fi ìwé mọ́tò hàn án. Fọ́tò pálọ̀ ni kó o fi hàn án. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó o ti ní ẹ̀dà rẹ̀ nínú fóònù. Bó bá wo fọ́tò náà, tó ní òun ò rí ọ níbẹ̀, tọ́ka sí apá kan tó yọ lẹ́yìn ọkùnrin tó dé fìlà. Ìwọ lo ni apá yẹn.

Bó o bá lè rí àyè wọ mọ́tò gómìnà gan-an, ìyẹn tún ju sáírìnì lọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024 ni sáà Yahaya Bello gẹ́gẹ́ bíi gómìnà Kogí parí. Ní ọjọ́ 17 oṣù Igbe, àwọn òṣìṣẹ́ EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, yí ilé rẹ̀ ní Abuja ká, wọ́n fẹ́ mú un lórí owó ìpínlẹ̀. Gómìnà tuntun, Usman Ododo, wọlé tọ̀ ọ́, ó tún jáde, EFCC sì ní inú mọ́tò rẹ̀ ni gómìnà àná bá kúrò níbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní ìmúnítì nínú mọ́tò yẹn, ṣùgbọ́n ta ló máa dá mọ́tò gómìnà dúró kó lè yẹ àga ẹ̀yìn wò? Mo mọ̀ pé inú rẹ ti ń dùn. Wò ó bí ìmúnítì ṣe ń ràn láti orí àga iwájú dé orí àga ẹ̀yìn! Nítorí náà, má wulẹ̀ tẹ́tí sí ìyókù, pé kí oṣù Bélú ọdún náà tó parí, Bello ti dúró níwájú adájọ́ ní Abuja, tó ń sọ pé òun ò jẹ̀bi. Kò sí mọ́tò gómìnà tó ń wọ inú kóòtù.

Bí ọlọ́pàá bá sì wá sílé rẹ wá wádìí ọ̀rọ̀ nípa ọ̀gá rẹ, lé e dànù. Sọ fún un pé wọn kì í wádìí ẹni tó ní ìmúnítì. Agbẹjọ́rò kan, Olóyè Gani Fáwẹ̀hìnmi, ti gbé irú rẹ̀ lọ sí kóòtù rí. Ó fẹ́ kí àwọn ọlọ́pàá wádìí ìwé ẹ̀rí tí Bọ́lá Tinúbú, gómìnà Èkó nígbà náà, sọ pé òun ní. Àwọn ọlọ́pàá ní abala 308 ò jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dé Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, ní 2002 àwọn adájọ́ sì sọ ọ́ kedere: ẹ ò lè mú un, ẹ ò lè gbé e lọ sí kóòtù, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí òfin ti ní kí ẹ má wádìí. Ẹ lè ṣe ìwádìí, kí ẹ kó ẹ̀rí jọ sínú fáìlì, kí ẹ dúró. Àmọ́ ọlọ́pàá tó wá sílé rẹ lè má tíì gbọ́. Bó bá ti gbọ́, kí Ọlọ́run kó ọ yọ.

Kọ́gbọ́n lára Aláàfin

Bó bá jẹ́ ará Apòmù ni ọ́, o ò tilẹ̀ nílò ìwé òfin 1999. Ẹ̀kọ́ tìrẹ ti wà nílẹ̀ láti òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tó parí ní 1897 tí wọn ò sì tẹ̀ jáde títí di 1921.

Apòmù nígbà náà, ọjà ni. Níbẹ̀ ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Ọmọ ọba kan láti Ọ̀yọ́, Awólẹ̀, máa ń bá òwò débẹ̀ kó tó jọba. Ní ọjọ́ kan ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ dání wá sí ọjà. Kì í ṣe pé ọjà kò tà o. Ó ta ọ̀rẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé etí Baálẹ̀ Apòmù, ẹni tí ìdáàbòbò èèyàn nínú ọjà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Baálẹ̀ wádìí, ó rí i pé òótọ́ ni, ó sì ní kí wọ́n na ọmọ ọba. Wọ́n nà án dáadáa. Mo fẹ́ kó o fi ọkàn sí Baálẹ̀ yìí díẹ̀, nítorí òun ni ẹnì kan ṣoṣo nínú gbogbo ìtàn yìí tí kò ṣe nǹkan kan tó ju iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ lọ.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, Awólẹ̀ gorí ìtẹ́. Àṣà Ọ̀yọ́ ni pé kí wọ́n bi ọba tuntun pé ta ni ọ̀tá rẹ̀, kí wọ́n lè kọ́kọ́ gbógun lọ bá onítọ̀hún. Gbogbo ayé ń retí ìlú ńlá kan, ọ̀tá tó yẹ ọba. Awólẹ̀ ní Apòmù ni. Aláàfin Ọ̀yọ́, tó ní ẹṣin, tó ní Kakaǹfò tó ń darí ogun, ló ń di kùnrùngbùn nítorí ẹgba ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Baálẹ̀ gbọ́, ó sá lọ sọ́dọ̀ Olówu tó jẹ́ olúwa rẹ̀. Olówu wo ọ̀rọ̀ náà, ó rí i pé ó ju òun lọ, ó ní kó máa lọ bá Ọ̀ọ̀ni ní Ifẹ̀. Ọ̀ọ̀ni náà ò lè gbà á. Nígbà tí kò sí ibi tó kù láti sá sí, tí ó sì mọ̀ pé tí òun bá wà láàyè wọn á pa ìlú òun rẹ́, Baálẹ̀ pa ara rẹ̀, ó ní kí wọ́n gé orí òun, kí wọ́n gbé e lọ fi tu Aláàfin lójú.

Kí lo rí kọ́ níbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi? Mo mọ ohun tó o rí. O rí i pé kò sí kóòtù tó lè pe Aláàfin. O rí i pé ẹni tó nà ọ́ nígbà tó o jẹ́ ọmọ ọjà, wàá gba ẹ̀san lára rẹ̀ nígbà tó o bá dépò. O ti ń ka orúkọ àwọn tí wàá fi jẹ ìyà ní Ìkirè lórí ìka: ọ̀gá ilé-ìwé tó lé ọ jáde, bàbá tí kò fún ọ lọ́mọ rẹ̀ fẹ́, aráalé tó sọ pé kó o san owó iná. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Pa ìwé ìtàn náà dé kíá, bó o ti pa ìwé òfin dé.

Ojú ìwé tó tẹ̀ lé e ni Awólẹ̀ ti rán àwọn ológun rẹ̀ lọ sí Ìwéré-Ilé, ibi tí wọ́n mọ̀ pé èèwọ̀ ni láti gbógun lọ. Àwọn ológun náà, Àfọ̀njá Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò wà nínú wọn, yí ẹ̀yìn padà, wọ́n wá dó sí ìta Ọ̀yọ́. Wọn ò pe Aláàfin sí kóòtù o. Igbá òfìfo ni wọ́n gbé ránṣẹ́ sí i. Ó mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ó ta ọfà sí ọ̀nà mẹ́ta, ó gégùn-ún, ó sì kú.

Mo ń sọ èyí fún ọ nítorí nǹkan kan tó yà mí lẹ́nu. Méje ni Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè tó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún Aláàfin pé ó tó. Lọ wo abala 188 nínú ìwé òfin òde òní, èyí tó sọ bí wọ́n ṣe ń yọ gómìnà tàbí igbákejì rẹ̀. Nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá ti fẹ̀sùn kàn án, adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ ló ń yan ìgbìmọ̀ tó máa wádìí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn mélòó? Méje. Mi ò rò pé ẹni tó kọ òfin ń ronú nípa Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n ìlú tí kò bá fẹ́ kí wọ́n wọ́ olórí lọ sí kóòtù gbọ́dọ̀ wá ibòmíràn tí wọ́n á ti lè bi í léèrè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí Baálẹ̀ Apòmù ni wọn yóò máa gbé kiri.

Jókòó pa sórí àga

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti lo abala 188 yẹn rí, ìyẹn ló fi hàn pé àga ni ìmúnítì ń gbé, kì í gbé ara ẹni tó jókòó.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀pẹ̀ 2001, wọ́n yìnbọn pa Olóyè Bọ́lá Ìgè nínú ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ará Ẹ̀sà-Òkè ni, òun sì ni Mínísítà fún ètò ìdájọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà lọ́jọ́ yẹn. Ṣáájú ìgbà yẹn, ìjà ti le nínú ìjọba Ọ̀ṣun láàárín Gómìnà Bísí Àkàndé, tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn Ìgè, àti igbákejì rẹ̀, Ìyíọlá Omíṣore. Ojú àwọn èèyàn lọ sára igbákejì gómìnà. Àmọ́ ẹnì kan nínú àwọn 74 ni. Nígbà tó fi wà lórí àga, kò sí ẹni tó lè gbé e dé iwájú adájọ́. Ní ìparí ọdún 2002, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Òṣogbo yọ ọ́ nípò, kò sì pẹ́ tó fi bá ara rẹ̀ ní àtìmọ́lé lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn. Inú àtìmọ́lé yẹn ló wà tí wọ́n fi dìbò yàn án sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní 2003. Ní 2004 kóòtù dá a sílẹ̀, ó ní kò jẹ̀bi.

Má yára kọjá níbẹ̀. Kóòtù tí ìmúnítì dí ọ̀nà rẹ̀ mọ́ ọn yìí kan náà ló sọ ọ́ di ẹni tí kò jẹ̀bi. Ká ní ó ṣì wà lórí àga, ẹnu ayé ni yóò máa dá ẹjọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, láìsí ẹlẹ́rìí, láìsí agbẹjọ́rò. Abala 308 ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ní ti Bọ́lá Ìgè, títí di òní, kò sí ẹnì kankan tí kóòtù dá lẹ́bi pé òun ló pa á. Aya rẹ̀, Atinúkẹ́, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adájọ́ ní ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, kú ní 2003 láìgbọ́ ìdájọ́ kankan.

Má dá Nàìjíríà kọjá

Bó o bá ti fi ara mọ́ ẹnì kan dáadáa, ó lè ní kó o bá òun lọ sí ìlú òyìnbó. Kọ̀ ọ́. Diepreye Alamieyeseigha, gómìnà Bayelsa, gba Lọ́ńdọ̀nù lọ ní 2005. Àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ mú un ní pápákọ̀ òfúrufú Heathrow. Ó ní gómìnà lòun, òun ní ìmúnítì. Kóòtù wọn ní gómìnà ìpínlẹ̀ kì í ṣe olórí orílẹ̀-èdè lójú àwọn. Ó gba béèlì, ó sá padà wálé ní oṣù Bélú, ìròyìn sì gbòde pé aṣọ obìnrin ló wọ̀ kọjá. Ní oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún náà ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Bayelsa yọ ọ́. Ní 2007 ó gbà níwájú adájọ́ ní Nàìjíríà pé òun jẹ̀bi.

O ní ti gómìnà nìyẹn, ti ọba ńkọ́? Máa bọ̀ láti Ìkirè, kọjá Gbọ̀ngán, Ìpetumodù ló wà níwájú yẹn, lójú ọ̀nà kan náà. Ọba Joseph Oloyede, tó jẹ́ Apẹtu ìlú náà ní 2025, ní ilé ní Ohio pẹ̀lú nígbà náà. Ní oṣù Ògún 2025 kóòtù ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀ rán an lọ sẹ́wọ̀n oṣù 56 lórí owó ìrànwọ́ Kòrónà tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là, lẹ́yìn tó ti gbà pé òun jẹ̀bi. Ní Ìpetumodù, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún un. Ní Ohio, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n pè, ó sì dìde.

Ẹnì kan á sọ fún ọ pé Amẹ́ríkà yìí kan náà ló fún Donald Trump ní ìmúnítì. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Agẹmọ 2024, adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án ní Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ wọn sọ pé wọn ò lè fi iṣẹ́ ipò tó jẹ́ ti Ààrẹ nìkan fẹ̀sùn ọ̀daràn kan Ààrẹ. Àmọ́ wọ́n ní ohun tó bá ṣe ní ti ara rẹ̀ ò sí lára rẹ̀. Ìdàkejì tiwa gan-an nìyẹn: tiwọn ń bo iṣẹ́ kódà lẹ́yìn tó bá kúrò nípò, tiwa ń bo èèyàn títí di ọjọ́ tó bá kúrò. Ìkankan nínú méjèèjì ò dárúkọ rẹ.

Gba bírò

Gómìnà kì í fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé owó. Akọ̀wé àgbà ló ń kọ ọ́, kọmíṣọ́nnà á fọwọ́ sí i, oníṣirò owó á san án. Gbogbo wọn ló ń lọ sí kóòtù, torí kò sí ìkankan nínú wọn tó wà nínú àwọn 74. Alága ìjọba ìbílẹ̀ Irewọlé tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ìkirè kò sí níbẹ̀. Ti Ìṣọ̀kan ní Apòmù kò sí níbẹ̀. Káńsẹ́lọ̀ kò sí níbẹ̀, ì báà máa rìn pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta. Kódà olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó lè yọ gómìnà, kò ní ìmúnítì kankan. Nítorí náà, bí wọ́n bá na bírò sí ọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa buwọ́ lù ú, ọ̀gá ti rí i,” gbà á. Kọ orúkọ rẹ gbọọrọ. Kọ ọ́ kó hàn ketekete, kí adájọ́ má bàa ní ìṣòro láti kà á.

Ju kàlẹ́ńdà nù

Òmùgọ̀ kì í mọ ọjọ́ 27 oṣù Bélú. Ọjọ́ náà ni àwọn gómìnà Ọ̀ṣun ń gba ọ̀pá àṣẹ, ẹ sì ń rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Bélú 2010, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó jókòó ní Ìbàdàn ní kì í ṣe Ọlágúnsóyè Oyinlọlá ló wọlé ìbò 2007, Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá ni. Ní ọjọ́ kejì wọ́n búra fún un. Ó lé ní ọdún mẹ́ta tí Oyinlọlá ti lò nínú sáà náà pẹ̀lú ìmúnítì lọ́rùn, ẹjọ́ ìbò sì ń lọ lọ́tùn-ún. Àwọn adájọ́ ti pinnu láti ọjọ́ pípẹ́ pé ìmúnítì ò dí ẹjọ́ ìbò lọ́nà, nítorí ohun tí wọ́n ń béèrè níbẹ̀ ni bóyá o tilẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí àga náà.

Ẹni tí kò bá mọ ọjọ́ tó ń bọ̀, pápákọ̀ òfúrufú ló ti ń mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ 17 oṣù Ẹrẹ̀nà 2022, Willie Obiano gbé ìjọba Anambra sílẹ̀ láàárọ̀, ó di alẹ́ ọjọ́ náà EFCC ti mú un ní pápákọ̀ òfúrufú Murtala Muhammed ní Èkó. Ayọ̀ Fáyòṣé ti Èkìtì ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ní ọjọ́ 16 oṣù Ọ̀wàrà 2018, ọjọ́ tí sáà rẹ̀ parí gan-an, òun ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ọ́fíìsì EFCC ní Abuja, báàgì lọ́wọ́, pẹ̀lú ẹ̀wù tí wọ́n kọ ọ́ sí láyà ní èdè òyìnbó pé òun ti dé. Wọ́n bá a ṣẹjọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù Agẹmọ 2025 kóòtù ní Èkó ní kò tilẹ̀ sí ẹjọ́ tó yẹ kó dáhùn. Ìwọ má ṣe irú rẹ̀. Àwọn tó mọ ọjọ́ ni irú ìyẹn wà fún.

Jẹ gbèsè

Èyí ló ń pa ọ̀pọ̀ òmùgọ̀. Wọ́n rò pé gbèsè ni ìmúnítì ń jẹ́ kéèyàn jẹ láìsan.

Kí Bọ́lá Tinúbú tó di gómìnà Èkó ní 1999, ilé-iṣẹ́ IMB Securities ti gbé òun àti àwọn mìíràn lọ sí kóòtù lórí gbèsè, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé kòtẹ́milọ́rùn. Bó ṣe gorí àlééfà, kòtẹ́milọ́rùn ní kí ẹjọ́ náà lọ sinmi títí tí yóò fi kúrò nípò. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀, ó fẹ́ kí ẹjọ́ tẹ̀ síwájú, ó gbé e dé Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní 2001 àwọn adájọ́ ní rárá. Wọ́n ní ààbò náà kì í ṣe tirẹ̀ tó fi lè bọ́ ọ kọ́ sára igi, ti ipò ni. Bó ti lágbára tó, kò rí i bọ́. Ìwọ tí kì í ṣe tìrẹ rárá lo wá fẹ́ yá a wọ̀ lọ sí ẹ̀bá títì Ìkirè.

Mo sì mọ ibi tó o ń lọ. Ọ̀dọ̀ ìyá olódòdò ni. Bí mọ́tò bá dúró nítòsí, tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà, tí wọ́n fi ata àti iyọ̀ sí tó sì ti gba epo títí tó fi dúdú, bá ń rùn tàsánsán, wàá bọ́lẹ̀, wàá ní kí ìyá di ìdì márùn-ún fún ọ, wàá sì sọ pé ọ̀gá rẹ ní Òṣogbo ló máa san án. Ìyá á wò ọ́. Wàá mú fóònù jáde, wàá fi apá inú fọ́tò hàn án. Wàá bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé abala 308, pé kó dúró di ìgbà tí sáà bá parí, pé òfin ò ka ọdún tó bá fi dúró mọ́ ọn lọ́rùn. Òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tó o sọ yẹn. Ṣùgbọ́n bó o ti ń ṣàlàyé, rí i dájú pé o ti fi ọwọ́ kejì di kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ mú, nítorí ibẹ̀ ni ọwọ́ ìyá á kọ́kọ́ lọ, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń din dòdò lẹ́yìn sì ti ń fi aṣọ nu ọwọ́.